Ẹ Béèrè, Ká Jọ Sọ ọ́: Ṣé Ẹni Tó Ń Sáré Kiri Inú Ṣọ́ọ̀ṣì Nìkan Ló Ń Sin Olúwa?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tá a ti sọ pé ọ̀rọ̀ ká máa ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì ti ń wọlé, àwọn kan bínú, àwọn kan ń ṣàròyé, ẹnì kan tiẹ̀ kọ̀wé gígùn gbọọrọ tí ò sí kọ́mà kankan nínú ẹ̀ (mo kà á tán o, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́). Mo ti gé àwọn lẹ́tà yín kúrú, mo sì ti yọ orúkọ gbogbo yín kúrò. Ohun tí mo rí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni pé a ti ti iṣẹ́ ìsìn mọ́ inú dípátímẹ́ǹtì, téèyàn ò bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù tàbí kó di máíkì mú, ó máa ń rò pé òun ò tíì ṣe nǹkan kan fún Ọlọ́run, ẹni tó sì di mẹ́ta mú pọ̀ ò lè sùn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo wà nínú kọ́áyà, mo wà lára àwọn áṣà, èmi náà ni mo tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè Sìkúù. Kílẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń kúrò nílé ní Sọ́ńdè, tí mo bá fi máa padà dé, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Láàárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́, rìhásà, mítìn, fìjìlì. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbàdúrà tèmi fúnra mi gbẹ̀yìn, kí n ṣáà ti kúnlẹ̀ báyìí, oorun ló kàn. Ọkọ mi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀ Ọlọ́run á bínú sí mi, àwọn èèyàn á sì ní mo ti ń fà sẹ́yìn.

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Kí n tètè sọ èyí tó ń bà yín lẹ́rù ná: Ọlọ́run ò ní bínú. Ẹ bá mi ka Ẹ́kísódù orí 18, tó bá ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ kà á. Mósè jókòó láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn, gbogbo wọn dúró yí i ká, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lọ́jọ́ náà á ní hẹn-ẹn, èèyàn Ọlọ́run rèé. Àna ẹ̀ tó ń jẹ́ Jẹ́tírò wá kí i, ó wo gbogbo ẹ̀ títí, ó ní ohun tó ò ń ṣe yìí ò dáa o, á tán ẹ lókun, ìwọ àtàwọn èèyàn tó wà lọ́dọ̀ ẹ. Ẹ rí i pé kì í ṣe Mósè nìkan ló sọ pé ó máa rẹ̀? Ó máa rẹ àwọn tó ń ràn lọ́wọ́ náà. Àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sìkúù yín ńkọ́, ṣé ẹ rò pé wọn ò mọ̀ pé tíṣà wọn ń tòògbé ni? Ọmọdé mọ gbogbo ẹ̀. Ni Jẹ́tírò bá ní kó yan àwọn tó ṣeé fọkàn tán, olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, olórí mẹ́wàá, kí wọ́n máa dá ẹjọ́ kéékèèké, kí wọ́n máa gbé èyí tó bá le wá fún un. Mósè ò bá a jiyàn, ó ṣe bó ṣe wí. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an, gbogbo bí Mósè ṣe tóbi tó, ó gbọ́ràn sí àna ẹ̀ lẹ́nu.

Irú ẹ̀ náà ló wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́, wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì ò ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ò ṣe pàtàkì, wọn ò sì ní àwọn á máa fi ọwọ́ kan wàásù káwọn máa fi ọwọ́ kejì pín oúnjẹ. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin 7, Sítéfánù wà lára wọn, nǹkan sì lọ geere. Àǹfààní wo làwọn 7 yẹn ì bá ní ká ní Pétérù ń bẹ̀rù pé tóun bá gbé nǹkan kan sílẹ̀ wọ́n á ní òun ti fà sẹ́yìn? Ẹni kan wà nínú ìjọ yín báyìí tó ń wá ibi tó máa gbé ọwọ́ lé, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí ìjókòó ẹ̀, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ ṣàkó.

Àní Jésù fúnra ẹ̀, nínú Máàkù orí 6, nígbà tí èrò ń wọ́ wá tí wọ́n ń wọ́ lọ débi pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò ráyè jẹun, òun ló sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ síbi tó dá káwọn lọ sinmi díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ṣebí èrò tún sá tẹ̀ lé wọn, Jésù sì tún kọ́ wọn. Òótọ́ ni. Mi ò sọ pé ìsinmi máa ń rọrùn, àmọ́ Olúwa ló ní kí wọ́n sinmi, èṣù kọ́. Ẹ tún wo Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba orí 19, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì tó wá bá a ò wàásù fún un rárá, ó ní dìde kó o jẹun. Ó jẹun, ó mumi, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún ní kó jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìrìn àjò kàn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, tilé tòde, ẹ má yọ ìkankan sílẹ̀. Ẹ wá fàlà sídìí èyí tó jẹ́ pé láyé yìí kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣe é. Ẹ máa rí i pé àwọn tẹ́ ẹ fàlà sí yẹn, inú ilé yín lọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Nínú dípátímẹ́ǹtì mẹ́ta yẹn, ẹ mú ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ní èwo lẹ fẹ́ mú, ẹ bi ara yín pé àwọn inú èwo lorúkọ wọn máa ń wá sí yín lọ́kàn láìjẹ́ pé wọ́n pè yín? Àwọn yẹn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ sọ fún ọ̀gá yín ní dípátímẹ́ǹtì, ẹ má fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé o, ìyẹn ìyà ni fún ẹni tó máa wá ẹni tó máa rọ́pò yín. Ẹ lọ bá a lójúkojú, ẹ ní, "Sà, mo fẹ́ fi iṣẹ́ áṣà sílẹ̀ níparí oṣù tó ń bọ̀, màá kọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò mi kí n tó lọ, Sọ́ńdè Sìkúù ni mo fẹ́ gbájú mọ́." Ó tán. Ẹ má ro ẹjọ́ gígùn, ẹ má sọ pé ọkọ yín ló ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní ẹ ti fà sẹ́yìn, Hébérù 6:10 ti sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe aláìṣòdodo tó máa gbàgbé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó ti ọkọ yín kó tó di pé ẹ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ti dákẹ́ yẹn lọ́rọ̀ nínú.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 22 ni mí, kò tíì pẹ́ tí mo fayé mi fún Jésù. Wọ́n ní kálukú ló ní ẹ̀bùn tiẹ̀, èmi ò rí tèmi. Mi ò lè kọrin, tí mo bá dúró níwájú èèyàn ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n, mi ò sì lówó. Ṣé kí n kàn máa wá jókòó kí n máa lọ ni?

Àbúrò mi, ta ló sọ fún ẹ pé máíkì lẹ̀bùn? Gbé Ìṣe orí 9, wo obìnrin kan ní Jópà tí wọ́n ń pè ní Tábítà, Dọ́káàsì lorúkọ ẹ̀ kejì. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé ó wàásù. Aṣọ ló máa ń rán fáwọn opó. Nígbà tó kú tí Pétérù dé, àwọn opó yẹn dúró tì í wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tó rán nígbà tó wà láàyè hàn án, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè di tiẹ̀ mú kó ní èyí ló rán fún mi. Ẹ̀rí wo ló tún jùyẹn lọ? Tún wo ọmọdébìnrin tó wà nílé Náámánì, ọ̀gágun Síríà tó jẹ́ adẹ́tẹ̀, nínú 2 Àwọn Ọba orí 5, wọ́n kó o lẹ́rú ni, wọn ò tiẹ̀ sọ orúkọ ẹ̀ fún wa, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ fún ìyá tó ń sìn, pé ó wu òun kí ọ̀gá òun lọ rí wòlíì tó wà ní Samáríà. Gbólóhùn yẹn ló gbé adẹ́tẹ̀ dìde. Àwọn ọkùnrin 4 tó gbé alárùn ẹ̀gbà wá sọ́dọ̀ Jésù nínú Máàkù orí 2 náà ńkọ́? A ò mọ orúkọ ìkankan nínú wọn. Èrò ti dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gòkè àjà, wọ́n ṣí òrùlé olórùlé, wọ́n sọ ọ̀rẹ́ wọn kalẹ̀. Bíbélì ní Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ nítorí náà òun ò lọ, igun kan ibùsùn yẹn á máa wọ́ nílẹ̀.

Nítorí náà dẹ́kun wíwá ẹ̀bùn, wá èèyàn. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti ṣe oore ọ̀fẹ́ tán, má tẹ fóònù, gbójú sókè kó o wo ẹni tó dá dúró. Ó máa wà níbẹ̀, ó sábà máa ń wà lẹ́bàá ògiri tàbí kó máa ṣe bíi pé òun ń wá nǹkan nínú báàgì. Lọ kí i, béèrè orúkọ ẹ̀, rántí orúkọ yẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣòro jù níbẹ̀ ni ìrántí yẹn, torí ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, má sọ fún un pé "tó o bá nílò nǹkan, pè mí." Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, ó sì dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ iṣẹ́ lo tún gbé fún ẹni tára ẹ̀ ò yá yẹn, òun ló máa ronú ohun tó o lè ṣe, òun ló máa pè, òun ló máa tún tijú. Jákọ́bù orí 2 tiẹ̀ sọ̀rọ̀ sí ẹni tó máa sọ fún ẹni tó wà níhòòhò tébi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kára ẹ̀ móoru, kó yó, tí ò wá fún un ní nǹkan kan. Ohun tó o máa sọ ni, "Mò ń bọ̀ lọ́la láago mẹ́rin, màá bá yín fọ abọ́, màá gbálẹ̀, màá sì bá yín da ìdọ̀tí nù, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀?" Tó o bá débẹ̀, fọ abọ́ yẹn lóòótọ́. Má dá sí bí ilé ṣe rí. Má sọ ìtàn ẹni tó ní irú àìsàn yẹn tó kú o, jọ̀ọ́, àwọn èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Gbàdúrà ṣókí, kó o jẹ́ kó sinmi. Kò gba owó, kò gba ohùn orin.

Mi ò gbà pẹ̀lú yín. Oore ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là, kì í ṣe iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ aláìní, ọ̀rọ̀ aláìsàn, ìjọba ló yẹ kó gbọ́ tiẹ̀, kí ṣọ́ọ̀ṣì gbájú mọ́ ìwàásù.

Ọ̀gá mi, apá àkọ́kọ́ yẹn òtítọ́ ni, Éfésù 2:8 àti 9 lẹ kà. Ẹ ò bá ka ẹsẹ 10 mọ́ ọn, ó ní torí iṣẹ́ rere la ṣe dá wa nínú Kristi. Ẹni tí wọ́n ti gbà là kì í ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè gbà á là, ó ń ṣiṣẹ́ torí pé wọ́n ti gbà á là, ara ẹ̀ ti balẹ̀, kò ṣírò ohun tó máa jẹ èrè níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń mú kéèyàn máa ka iṣẹ́.

Ti ìjọba yẹn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn fún yín. Ní nǹkan bí ọdún 260, àjàkálẹ̀ àrùn kan jà ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, Bíṣọ́ọ̀bù Dionysius tó wà níbẹ̀ kọ lẹ́tà pé àwọn tí ò gbàgbọ́ ń ti èèyàn wọn tó ń ṣàìsàn sọ sójú títì, ọ̀pọ̀ Kristẹni sì ń tọ́jú aláìsàn láìbẹ̀rù, àwọn míì kó àrùn lára wọn wọ́n sì bá wọn kú. Nígbà tó ṣe, Olú Ọba Julian tó jọba ní Róòmù láti 361 sí 363 fẹ́ kí gbogbo èèyàn padà sídìí òrìṣà. Ó kọ̀wé sí olórí àwọn abọrẹ̀ ní Gálátíà, ó ń ṣàròyé pé ìtìjú ni fáwọn, àwọn ará Gálílì yìí (bó ṣe máa ń pe àwọn Kristẹni nìyẹn) ń bọ́ aláìní tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ tàwọn abọ̀rìṣà mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n lọ kọ́ ilé àlejò. Ọ̀tá ló jẹ́rìí yẹn o! Kò bínú sí ìwàásù wọn tó bó ṣe bínú sí abọ́ oúnjẹ wọn. Ìjọba ní iṣẹ́ tiẹ̀, kó ṣe é, ẹni kankan ò ní kó má ṣe é. Àmọ́ ìjọba ò lè jókòó ti ẹni tó ń sunkún.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀rẹ́ mi kan ni, a jọ wà nínú ìjọ. Mo ti yá a lówó tí ò san, mo ti bá a wá iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, tó bá sì ti tún ní ìṣòro èmi ló máa pè, kì í kí mi tí nǹkan bá dáa. Ó ti sú mi. Ṣé Kristẹni lè sọ pé rárá?

Ó lè sọ ọ́. Ẹ wo Gálátíà orí 6, ẹsẹ 2 ní ká máa ru ẹrù ara wa, ẹsẹ 5 ní kálukú máa ru ẹrù tiẹ̀. Àwọn kan ní Pọ́ọ̀lù ń ta ko ara ẹ̀. Rárá o, ẹrù kan wà tó máa wó èèyàn mọ́lẹ̀ téèyàn ò bá bá a dá sí i, ìkan wà tó jẹ́ pé tó o bá bá a gbé e, o ò jẹ́ kó dàgbà. Ẹni tí ò ríṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ò fẹ́ ṣiṣẹ́, 2 Tẹsalóníkà 3:10 tó ní ẹni tí ò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má jẹun ò bá ẹni tí ò ríṣẹ́ wí. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ara yín ni pé, owó tí mo fún un gbẹ̀yìn, ṣé ó gbé e dìde àbí ó jẹ́ kó tún padà sùn? Tó bá jẹ́ pé ó sùn ni, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ fún un pé, "Mi ò ní yá ẹ lówó mọ́, àmọ́ tó o bá fẹ́ ká jọ wo bó o ṣe ń náwó, mo ṣe tán." Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú ìbínú lẹ ti sọ ọ́.

Ará Samáríà inú Lúùkù orí 10, ohun tí wọn kì í sábà wàásù lé lórí nínú ìtàn ẹ̀ ni pé ó lọ síbi tó ń lọ. Ó di ọgbẹ́ ọkùnrin yẹn, ó gbé e sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹ̀, ó gbé e lọ sílé èrò, ó sun ibẹ̀ ọjọ́ yẹn, lọ́jọ́ kejì ó fún onílé èrò ní dínárì 2 pé kó máa tọ́jú ẹ̀, tó bá ná jù bẹ́ẹ̀ lọ òun á san án tóun bá ń bọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣe é tọkàntọkàn, ó sì pe ẹlòmíì sí i, kò sọ ara ẹ̀ di onílé èrò.

Ti pé kì í dúpẹ́ yẹn, adẹ́tẹ̀ 10 ni Jésù wò sàn nínú Lúùkù orí 17, ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà ni, àjèjì. Jésù béèrè àwọn 9 yòókù, ẹ ò rí i pé ó dun òun náà? Àmọ́ kò dá ẹ̀tẹ̀ wọn padà fún wọn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́, ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí ò ṣe é ni.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ọdún 17 ni mí. Gbogbo èèyàn ló ń yin dádì mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ni wọ́n máa ń to àga, àwọn ni wọ́n máa ń gbé àwọn arúgbó lọ sílé. Tí wọ́n bá délé wọn ò kì í gbé abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Mọ́mì mi ń ṣàìsàn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Ọmọ mi, ó ṣe o, ẹ kú ìtọ́jú mọ́mì. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Bíbélì kó tó dé ilé yín. Nínú Máàkù orí 7, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí bàbá tàbí ìyá wọn bá nílò nǹkan, wọ́n á ní Kọ́bánì ni, àwọn ti fi ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run. Jésù ní wọ́n ti fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dòfo. Òbí ẹni ló dárúkọ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ 1 Tímótì 5:8 kó gbogbo ará ilé ẹni pọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Má kọjú ìjà sí dádì, má sì sọ̀rọ̀ yìí níwájú àlejò. Wá ìgbà tí ara wọn bá balẹ̀, kúnlẹ̀ kó o sọ ohun kan pàtó, má sọ pé wọn ò dáa, ní "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ó rẹ Mọ́mì gan-an, tẹ́ ẹ bá lè máa bá wa wà pẹ̀lú wọn ní alẹ́ Wẹ́sìdeè, inú wọn á dùn." Ó lè jẹ́ pé òde yẹn ló rọrùn fún wọn torí wọ́n ń yìn wọ́n níbẹ̀, nínú ilé ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Tí wọn ò bá gbọ́, sọ fún Mọ́mì kí wọ́n bá àgbà kan tí dádì ń bọ̀wọ̀ fún sọ ọ́. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ dákun, ọmọ ń wo yín o.

Ẹ ǹ lẹ́ o, ọmọ mi. Díákónì ni mí, ó ti lé lógún ọdún. Èmi ni mo máa ń bẹ aláìsàn wò ní ìjọ wa. Nísinsìnyí rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ mi òsì, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló ń gba ara wọn wá wẹ̀ mí, tí wọ́n ń wọ̀ mí láṣọ. Ojú ń tì mí. Mo máa ń gbàdúrà pé kí Olúwa máa mú mi lọ kí n yéé jẹ́ ẹrù fún ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá mi, ẹ kú ìfaradà sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bẹ aláìsàn wò fún ogún ọdún, ẹ ò pe ìkankan nínú wọn ní ẹrù rí, ṣé ẹ pè wọ́n bẹ́ẹ̀?

Ẹ rántí Pétérù nínú Jòhánù orí 13, Jésù bọ́ agbádá, ó sán aṣọ ìnura mọ́dìí, ó bu omi sínú bàsíà, ó ń wẹ ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kan Pétérù, Pétérù ní láéláé, o ò ní wẹ ẹsẹ̀ mi. Ó jọ ìrẹ̀lẹ̀, àbí? Mo rò pé ìgbéraga díẹ̀ wà nídìí ẹ̀, ó rọrùn fún un kó máa ṣe fún Jésù ju kí Jésù máa ṣe fún un. Jésù sì dá a lóhùn pé tí mi ò bá wẹ̀ ọ́, o ò ní ìpín lọ́dọ̀ mi. Pétérù yìí kan náà, ní orí 21, Jésù tún sọ fún un pé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ó ń di ara ẹ̀ ní àmùrè ó ń lọ síbi tó wù ú, tó bá dàgbà, ẹlòmíì ló máa dì í ní àmùrè tó máa mú un lọ síbi tí ò fẹ́. Jòhánù ní irú ikú tó máa kú ló ń sọ, àmọ́ nígbàkigbà tí mo bá kà á, àwọn bíi tiyín ló ń wá sí mi lọ́kàn, àwọn alágbára àná. Ohun tó sì sọ tẹ̀ lé e ni, máa tọ̀ mí lẹ́yìn. Kò ní tó o bá ti débẹ̀ iṣẹ́ ti tán.

Olúwa wa náà gbà lọ́wọ́ èèyàn o, sà. Ó bẹ obìnrin ará Samáríà pé kó fún òun lómi mu. Àwọn obìnrin bíi Jòánà àti Sùsánà ló ń fi ohun ìní wọn tọ́jú òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, Lúùkù 8 ló wà. Nígbà tó ń lọ sí Kálífárì, Símónì ará Kírénè ló bá a ru àgbélébùú. Tó bá jẹ́ pé ìtìjú ni kéèyàn gbà, Jésù ì bá ti kọ gbogbo ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ń kọ́ṣẹ́ lára yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ wọn dáadáa. Tí omi bá gbóná jù ẹ sọ ọ́. Tí wọ́n bá fa apá tó ń ro yín, ẹ ní "díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi, gba ìsàlẹ̀ ìgúnpá gbé e." Tí apá kan ò bá lágbára, aṣọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ apá yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ ọ kó jẹ́ apá yẹn ló máa kẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, ó máa dín ìrora kù. Ẹ yéé sọ "ẹ má bínú," ẹ máa sọ "ẹ ṣé." Ọmọ tó bá ti mọ bó ṣe ń wẹ àgbàlagbà láìtàbùkù sí i, títí ayé ẹ̀ ló máa wúlò fún.

Nǹkan kan tún wà. Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ yín, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ta ló fẹ́ ṣèdánwò, ta lòun àti bàbá ẹ̀ ò jọ sọ̀rọ̀, ta ló ń wáṣẹ́. Kí ẹnì kan bá yín kọ orúkọ wọn sínú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ fi sẹ́bàá orí yín, kẹ́ ẹ máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan bá Olúwa sọ. Pọ́ọ̀lù sọ nípa Épáfírà nínú Kólósè 4:12 pé ńṣe ló ń jìjàkadì nínú àdúrà nítorí wọn. Ọ̀pọ̀ wa tá a ń sáré kiri yìí, a ò ráyè ẹ̀, ẹ̀yin ráyè ẹ̀. Àdúrà pé kí Olúwa mú yín lọ yẹn, ẹ sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín fún un, kì í bínú sí irú ẹ̀, Èlíjà náà gbà á. Àmọ́ tí ìrònú yẹn bá ń le sí i, tí oorun àti oúnjẹ bá ń sá fún yín, ẹ sọ fún dókítà yín, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀.

Ìbéèrè mi ò gùn. Ìgbìmọ̀ wa máa ń lọ fún àwọn aláìní ní nǹkan, a máa ń ya fọ́tò, a máa ń gbé e sórí Facebook. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, Mátíù 6. Àwọn kan ní Mátíù 5:16, kí ìmọ́lẹ̀ wa máa tàn.

Jésù kan náà ló sọ méjèèjì, ẹ wo ìdí tó fi sọ ọ́. Mátíù 5 ní kí wọ́n lè yin Baba yín lógo, Mátíù 6 ń bá àwọn tó ń fun fèrè kí wọ́n lè yìn wọ́n wí. Tí àwọn tó dá owó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ná an, ẹ ya fọ́tò ẹrù, ẹ ya ọwọ́ tó ń to ẹrù, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ ná síbẹ̀, ó tó. Ojú ẹni tẹ́ ẹ fún ní nǹkan kì í ṣe rìsíìtì. Àwọn ọmọ ẹ̀ máa dàgbà, wọ́n máa lọ síléèwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á rí i. Tẹ́ ẹ bá sì rò pé ó pọn dandan kójú ẹ̀ hàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún un ní nǹkan tán, kì í ṣe ṣáájú, kó lè rọrùn fún un láti sọ pé òun ò fẹ́. Tó bá ti ní òun ò fẹ́, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù níṣojú ẹ̀.